Irú ajá wo lèyí gan-an? Àlàyé fún ẹni tó rí ajá he

Ó ti di àṣà nílùú Ifẹ̀ níbí. Ẹnìkan á rí ọmọ ajá he lẹ́bàá gọ́tà ní Lágere tàbí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn alẹ́ran ní Sábó, àánú á ṣe é, á gbé e lọ sílé, á wẹ̀ ẹ́, á yọ eégbọn etí ẹ̀, á ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, á wá béèrè pé "ẹ jọ̀ọ́, irú ajá wo lèyí o?" Ìjà dé nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ á ní Rottweiler ló gun lókà (ajá ìbílẹ̀ tiwa), ṣé ẹ ò rí búráùn tó wà lókè ojú ẹ̀ ni. Ẹnì kejì á ní Rottweiler kọ́, Alsatian ni, ẹ wo bí etí ẹ̀ ṣe dìde. Bọ̀dá kan tó ń ta ajá á ní Boerboel wà níbẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi hàn. Màmá kan á ní ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ ò níṣẹ́, ajá lajá ń jẹ́, ṣé Ògún máa ń béèrè bàbá ẹ̀ kó tó jẹ ẹ́ ni?

Gbogbo wọn ló dá lójú, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ni wọ́n fi ń wò. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà téèyàn lè mọ̀ lára ajá tó rí he, àwọn kan sì wà téèyàn ò lè fojú mọ̀ láéláé, àti ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Iléṣà àti dókítà.

Kí ni ẹ̀yà, kí ni àdàlù, kí ni lókà?

Tá a bá ní ẹ̀yà ajá, àwọn ajá tí èèyàn dìídì ń yan akọ àti abo wọn là ń sọ, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n bá ajá ìta gùn, tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran títí gbogbo ọmọ tí wọ́n ń bí fi jọra. Rottweiler, Boerboel, Lhasa Apso, ẹ̀yà ni wọ́n. Wọn ò sì pẹ́ láyé tó bá a ṣe rò o. Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ajá àti ti àwọn òbí ẹ̀ sínú ìwé, Alsatian tá a fẹ́ràn nílé yìí gan-an, ọdún 1899 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì.

Ajá àdàlù ni èyí tí ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé lára ẹ̀, bàbá Alsatian, ìyá Rottweiler, tàbí bàbá Boerboel, ìyá lókà.

Lókà wá ńkọ́, èyí tá a tún ń pè ní Bingo tàbí ekuke? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé lókà ni ajá tí ẹ̀yà òyìnbó ti pọ̀ lára ẹ̀ débi tí ò fi lórúkọ mọ́. Rárá o. Ajá ti wà nílẹ̀ Áfíríkà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Kennel Club, kò sì sẹ́ni tó ń yan ọkọ fún wọn. Lọ́dún 2009 àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò ajá abúlé láti Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà jáde, wọ́n rí i pé ti Íjíbítì àti Ùgáńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúlówó ọmọ ilẹ̀ wọn, wọn kì í ṣe àjẹkù ajá òyìnbó, Nàmíbíà ni wọ́n ti rí àdàlù tó pọ̀. Lọ́dún 2018 àwọn mìíràn ka gbogbo jíìnì (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) àwọn ajá ilẹ̀ Áfíríkà, ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n sì rí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ADGRE1 tó jọ pé ó ń bá wọn kojú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń dààmú ajá nílẹ̀ olóoru. Ẹni tó bá ti ra ajá olówó gọbọi wálé rí, tí àìsàn eégbọn gbé e lọ, tó wá ń wo ekuke ẹ̀gbẹ́ ilé tí eégbọn kún etí ẹ̀ bámúbámú tó ṣì ń sáré kiri, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní yà á lẹ́nu.

Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "ẹ̀yà wo àti ẹ̀yà wo ló pàdé lára ẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "ṣé ẹ̀yà kankan tiẹ̀ wà lára ẹ̀ ni?" Lójú tèmi, ajá tẹ́ ẹ bá rí he ní Ifẹ̀ tàbí Mọdákẹ́kẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbà pé lókà ni, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ já yín nírọ́. Àdàlù wà o, mi ò sọ pé kò sí, pàápàá láwọn ẹ̀sítéètì tí wọ́n ti ń sìn Alsatian àti Boerboel tí géètì kì í sì í fìgbà gbogbo wà ní títì. Ṣùgbọ́n lókà ló ni ìgboro.

Báwo ni ọmọ ajá ṣe ń jogún ojú àti ara?

Ẹ ronú káàdì Whot. Ajá kọ̀ọ̀kan gbé káàdì 78 sínú ara ẹ̀ (kúrómósóòmù ni àwọn onímọ̀ ń pè é, tiwa èèyàn jẹ́ 46), méjì-méjì ni wọ́n sì tò, ìyẹn orísìí 39. Orí àwọn káàdì yìí ni jíìnì wà, jíìnì ló ń sọ bí irun á ṣe gùn tó, bí ẹsẹ̀ á ṣe ga tó, irú àwọ̀ tí ara máa ní. Tí ìyá bá fẹ́ fún ọmọ ní tiẹ̀, á po káàdì, á mú ẹyọ kan nínú orísìí kọ̀ọ̀kan, 39 nìyẹn. Bàbá náà á ṣe bẹ́ẹ̀. 39 àti 39, ó pé. Tó bá kan ọmọ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún un pò látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, ìyẹn ò ní yẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ bàbá àgbà, ó ti di bó bá ṣe bọ́ sí. A máa ń sọ pé 25 nínú 100 ni bàbá àgbà kọ̀ọ̀kan, ìṣirò orí ìwé nìyẹn, torí nígbà tí bàbá ń po káàdì tiẹ̀, káàdì bàbá àgbà lè pọ̀ nínú ọwọ́ tó pín fún ọmọ yìí kó sì kéré nínú ti àbúrò ẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn sí i, ó di 12.5, ẹ tún sún, ó di 6.25. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Alsatian díẹ̀ wà lára ajá yín, ẹ bi í pé díẹ̀ mélòó, kó sì sọ ibi tó ti rí i.

Nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀. Agbára káàdì yìí ò dọ́gba. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré tó bá wọlé, ó ti hàn síta nìyẹn, ẹ sáà mọ bí 20 ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n bá ti jù ú sílẹ̀, ohun tó bá pè ni gbogbo yín máa jù. Àwọn kan sì wà tí wọn ò ní hàn àfi tí méjì wọn bá pàdé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Irú wọn lè sá pamọ́ fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin, kó wá ṣàdédé yọjú lára ọmọ kan tí gbogbo àdúgbò á máa wò pé ibo ló ti rí èyí wá.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, ṣe iṣẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Bar Harbor, ìpínlẹ̀ Maine, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1965. Wọ́n mú Basenji, ajá ilẹ̀ Kóńgò tí irun ẹ̀ kúrú, tí etí ẹ̀ dìde, tí ìrù ẹ̀ ká (tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé ekuke kan ní Ìrẹ̀mọ ni), wọ́n jẹ́ kó bá Cocker Spaniel gùn, èyí tí etí ẹ̀ já wálẹ̀ tí irun ẹ̀ sì gùn. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jọ ara wọn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ìyá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọ bàbá. Nígbà tí àwọn ọmọ yìí wá bá ara wọn gùn, ìran kejì bá di oríṣiríṣi, etí ọ̀tọ̀, irun ọ̀tọ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀, àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tí wọn ò bá sọ òbí wọn fún yín, ẹ̀yà mìíràn pátápátá lẹ máa dárúkọ. Ìran méjì péré nìyẹn o, ẹ̀yà méjì tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó. Ẹ wá fi wé ajá tó ti ń bímọ fúnra wọn káàkiri Ìlárẹ́ láìsí ẹni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà, kí ló dé tí wọn ò jọra?

Abo ajá tó bá ń wá akọ kì í dúró lórí akọ kan. Ẹ ti ń rí wọn láàárọ̀, abo kan níwájú, akọ mẹ́fà lẹ́yìn, ọmọdé á máa lé wọn ní òkò. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń gba akọ, ẹyin inú ẹ̀ sì pọ̀, torí náà ọmọ mẹ́fà tó bí lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 63 lè ní bàbá méjì tàbí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ajá méjì he nínú páálí kan, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, pé wọ́n jọ wà nínú páálí ò sọ pé wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan. Ẹni tó bá sì ń pariwo pé òun mọ ìyá wọn dáadáa, ìdajì ìtàn ló mọ̀.

"Ó dúdú, ó ní búráùn lókè ojú, Rottweiler ni!"

Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀ torí òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ajá dúdú tí àmì búráùn méjì wà lókè ojú ẹ̀, búráùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, búráùn láyà, búráùn ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé ìrù ẹ̀ sókè, búráùn tún wà lábẹ́ ẹ̀. Rottweiler ní i lóòótọ́. Doberman náà ní i. Àwọn Alsatian kan ní i. Dachshund tí ò ga ju bàtà lọ ní i. Lókà tí ò wọ géètì ẹ̀sítéètì rí náà ní i.

Jíìnì kan tó ń jẹ́ ASIP ló wà nídìí ẹ̀. Oríṣi káàdì ASIP pọ̀. Èyí tó ń ṣe ajá ní pupa, pupa tá a mọ̀ mọ́ lókà yẹn, ló lágbára, èyí tó ń ṣe dúdú pẹ̀lú búráùn ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ni pé ajá pupa rẹ́súrẹ́sú lè gbé káàdì dúdú pẹ̀lú búráùn kiri títí tó fi máa kú kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Tí akọ pupa tó gbé e pamọ́ bá wá pàdé abo pupa tó gbé e pamọ́, nínú ọmọ mẹ́rin, a lè retí pé ọ̀kan á jáde dúdú pẹ̀lú búráùn lójú. Ìyá pupa, bàbá pupa, kò sí Rottweiler ládùúgbò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ọmọ dé tán, ó wọ aṣọ Rottweiler. Àwọn ará ilé á ní abo yẹn rìnrìn òru. Ó lè ti rìn ín o, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọmọ yẹn kọ́ ni ẹ̀rí.

Ó tún kù. Jíìnì mìíràn wà tó ń sọ ajá di dúdú kanlẹ̀, ẹyọ kan ẹ̀ sì tó láti bo gbogbo ohun tí ASIP ń sọ mọ́lẹ̀. Torí náà ojúlówó Rottweiler lè bá abo dúdú kanlẹ̀ gùn, kí ọmọ wọn jáde dúdú kirikiri láìní búráùn kankan. Ẹ wò ó báyìí: èyí tó ní búráùn lè má ní Rottweiler kankan lára, èyí tó jẹ́ ọmọ Rottweiler gan-an lè má ní búráùn. Mi ò wá mọ ohun tá a fẹ́ fi àwọ̀ ṣe.

Tó bá jẹ́ pé Rottweiler wà níbẹ̀ lóòótọ́, egungun ni kẹ́ ẹ wò: orí tó fẹ̀ láàárín etí méjèèjì, àyà tó jìn, ọrùn tó ki, etí tó já síwájú, àti ìwọ̀n ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Akọ Rottweiler tó dàgbà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 50 sí 60. Lókà tiwa tó bá kọjá 20, ẹni tó ń bọ́ ọ gbìyànjú. Ajá tó ti lé lọ́dún méjì, tó wọn kílò 15, tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóṣóró, tí ìrù ẹ̀ ká sórí ẹ̀yìn, ì báà ní búráùn mẹ́wàá lójú, ẹ fi Rottweiler sílẹ̀ jàre.

Ìrù náà tún rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọn kì í bí ìrù mọ́ Rottweiler. Wọ́n ń bí i mọ́ ọn, èèyàn ló ń gé e nígbà tí ọmọ ṣì kéré, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Kò sì sóhun tó ní kí ẹni tó fẹ́ ta ọmọ lókà má gé tiẹ̀ náà kó tó gbé e jáde. Ìrù tí wọ́n gé ń sọ fún yín pé ajá yìí ti lólówó rí. Kò sọ bàbá ẹ̀.

Àmì wo wá ló ṣeé gbọ́kàn lé?

Ó wà, kò kàn pọ̀ ni. Ẹsẹ̀ kúkúrú lábẹ́ ara gígùn ni mo fọkàn tán jù. Ọdún 2009 ni wọ́n rí ohun tó ń fà á lára Dachshund, Corgi àti Basset, àdàkọ jíìnì FGF4 kan tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹyọ kan ẹ̀ sì ti tó láti gé ẹsẹ̀ ajá kúrú. Ẹsẹ̀ lókà ga. Tẹ́ ẹ bá rí ajá tó dàgbà tí orí ẹ̀ àti ara ẹ̀ tó ti ajá gidi, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wá kúrú, ajá kékeré òyìnbó kan ti gba ibẹ̀ kọjá. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé kì í ṣe ebi ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, torí ọmọ ajá tí wọ́n fi ẹ̀bà lásán wò dàgbà, egungun ẹ̀ lè wọ́.

Irun náà ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009 yẹn kan náà, wọ́n rí i pé jíìnì mẹ́ta péré ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú oríṣi irun ajá. Èyí tó ń hu irùngbọ̀n àti irun ojú, ẹyọ kan ti tó. Èyí tó ń mú irun gbogbo ara gùn, méjì ló sábà gbọ́dọ̀ pàdé. Tí Lhasa Apso bá wá bá lókà gùn, irun gígùn ìyá tàbí bàbá yẹn á sá pamọ́, irùngbọ̀n á hàn: ajá tí irun ara ẹ̀ ò gùn, tó le gbagidi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, tí irùngbọ̀n wá yọ lẹ́nu ẹ̀ tí irun sì bo ojú. Irú ajá bẹ́ẹ̀, èmi náà á dárúkọ ẹ̀yà, màá sì sùn dáadáa. Láti ibí yìí náà lẹ ti máa mọ̀ pé ọmọ Alsatian onírun gígùn àti lókà, irun kúkúrú ló máa sábà ní, torí náà ẹni tó ń ta ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí irun ẹ̀ rí wúruwùru fún yín pé "double coat" (irun ìpele méjì) ni, irun ọmọdé ló ń tà. Gbogbo ọmọ ajá ló máa ń rí wúruwùru.

Ìwọ̀n ni mo ti sọ. Ajá tó dàgbà tó wọn kílò 45 lójú títì Ifẹ̀, ẹ̀yà ńlá kan wà níbẹ̀, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ẹ̀yà ńlá ni, ojú ò lè sọ.

Ìyókù, ẹ máa gbọ́ ọ gba etí kan jáde ní ìkejì. Etí tó dìde, ti Alsatian dìde, ti lókà náà dìde. Àmì dúdú lórí ahọ́n, ajá púpọ̀ ló ní i. Ìka tó ṣẹ́kù sókè lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, awọ láàárín ìka, ìrù tó ká, wọn ò já mọ́ nǹkan kan. Kódà irun ẹ̀yìn tó dojú kọ iwájú tí wọ́n fi mọ Rhodesian Ridgeback, ara ajá ìbílẹ̀ àwọn Khoikhoi ní gúúsù Áfíríkà làwọn òyìnbó ti rí i mú.

Ọmọ ajá tó ṣì kéré ńkọ́?

Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ ya ẹnu ẹ̀ wò. Ọmọ ajá ní eyín wàrà 28, wẹ́wẹ́, ṣóṣóró, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, tó bá fi máa tó oṣù méje, 42 ti àgbà ti pé. Kó tó di ìgbà yẹn, etí ọmọ Alsatian gan-an lè dìde lónìí kó wó lọ́la. Ojú tó rí búlúù díẹ̀, ojú ọmọdé ni, á yí. Ẹsẹ̀ tó tóbi ń tan ni jẹ. Ikùn tó sì yọ gbẹ̀ǹdù síwájú tí bọ̀dá yẹn ń pè ní Boerboel, aràn ni.

Ṣé àwọn tó mọ ajá dunjú ò lè fojú mọ̀ ọ́n?

Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ajá 20 táwọn ilé tó ń gba ajá tọ́jú ti fojú wò tí wọ́n sì ti kọ irú ohun tí wọ́n jẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA wọn, ìyẹn ni pé wọ́n yẹ jíìnì wọn wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ ẹ̀yà fún, 87.5 nínú 100 ni DNA ò ti rí gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n dárúkọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ajá látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, níbi tí ẹ̀yà ti pọ̀ nígboro jù tiwa lọ. Ẹ wá wo àwa tá à ń fi fọ́tò WhatsApp tó ti fọ́ dájọ́.

DNA ńkọ́, ṣé á yanjú ẹ̀?

Ó sàn ju ojú lọ dáadáa. Lọ́dún 2005 ni wọ́n gbé gbogbo jíìnì ajá kan jáde tí wọ́n kà á tán, abo Boxer kan tó ń jẹ́ Tasha, látìgbà náà lọ̀nà ti là. Wọ́n á fi òwú orí igi kékeré kan nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á wá fi káàdì ẹ̀ wé káàdì àwọn ẹ̀yà tó wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn: ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nìkan ni wọ́n lè fi wé. Tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ò bá ní ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà nínú ìwé wọn, kò sóhun tí wọ́n máa ṣe sí Bingo ju pé kí wọ́n máa wá òyìnbó tó sún mọ́ ọn jù lọ, wọ́n á wá kó orúkọ jọ fún yín, ẹ̀yà yìí 7 nínú 100, ẹ̀yà yẹn 5, òmíràn 4, títí ilẹ̀ á fi kún. Tẹ́ ẹ bá rí èsì tó rí wẹ́wẹ́ báyẹn fún ajá tẹ́ ẹ rí he ní Sábó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lókà ni, ẹ̀rọ ló kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wá iléeṣẹ́ tó ní ajá abúlé nínú àkójọ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó san dọ́là.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ẹranko ń gbà láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ajá pé tàbí bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, kì í ṣe DNA. Ẹ má dà á láàmú pé kó sọ ẹ̀yà fún yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì bi mí, owó dọ́là yẹn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni màá fi gbà.

Tá a bá mọ ẹ̀yà, ṣé a ti mọ ìwà nìyẹn?

Díẹ̀ ni. Iṣẹ́ ńlá kan jáde lọ́dún 2022, àwọn tó lájá tó lé ní 18,000 ló dáhùn ìbéèrè lórí ìwà ajá wọn, wọ́n sì ka jíìnì ajá 2,155 nínú wọn. Ẹ̀yà ò ṣàlàyé ju nǹkan bí 9 nínú 100 lọ nínú ohun tó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Torí náà ẹni tó ń sọ pé òun ò lè gbà á torí pé Pitbull wà lára ẹ̀, tàbí pé òun fẹ́ ẹ torí Boerboel inú ẹ̀ á máa lé olè, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lébi látàárọ̀ á ya ìyàkuyà, ì báà jẹ́ Lhasa.

Kí ni kí n wá kọ sórí káàdì ẹ̀?

Káàdì abẹ́rẹ́ ajá ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀yà. Ẹ kọ "lókà", tó bá sì ní irùngbọ̀n tàbí ẹsẹ̀ kúkúrú tàbí ìwọ̀n ńlá, ẹ kọ "mix", ó parí. Àwọ̀ ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, akọ tàbí abo, iye oṣù tí eyín ẹ̀ sọ, ìwọ̀nyẹn ló wúlò fún dókítà, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn oògùn aràn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, láti oṣù mẹ́ta ni, kò béèrè ẹ̀yà. Tó bá sì gé yín jẹ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbé e, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ kọrí sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró kí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan kẹ́ ẹ tó lọ.

Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí fífura sí ẹ̀yà ti lè gba ẹ̀mí ajá là. Ivermectin, oògùn kòkòrò kan. Àwa ará ibí máa ń fẹ́ gún un fún ajá tó bá ti ń họra tàbí tó kún fún eégbọn, àwọn kan tiẹ̀ ń ra ti màlúù tí wọ́n ń gún un fúnra wọn nílé. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi ń da àgùntàn, pàápàá Collie, jíìnì kan wà lára púpọ̀ nínú wọn tó ń jẹ́ kí oògùn yẹn, tó bá ti pọ̀, ráyè wọ ọpọlọ wọn, ajá á máa gbọ̀n, á máa ta gọ́ọ́gọ́, ó sì lè kú. Àwọn Alsatian kan náà ní i. Torí náà tó bá jọ pé Alsatian tàbí Collie lè wà lára ajá tẹ́ ẹ rí he, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó fa abẹ́rẹ́ yẹn sókè, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tẹ́ ẹ̀ ń fura sí, òun ló máa mọ èyí tó máa fi pààrọ̀ ẹ̀.